Ọ̀dọ́ Tó Béèrè Kò Tíì Kúrò Nílé: Àwọn Ọmọ Júù Láàrin Àṣà Ìsìn àti Ìrònú Ara Wọn

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ níbi ìpàdé àwọn òbí àti ọ̀dọ́ Yorùbá ní Hackney, ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Bí a ṣe sọ ọ́ náà la ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde.)

Alága ìjókòó yìí, mo kí yín. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo júbà kí n tó lanu. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo rí yín, ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìrìn, ẹ kú àfarabalẹ̀. Iwájú àgbà ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ bá mi gbé e.

Orí ọ̀rọ̀ tí ẹ fún mi lónìí jẹ mọ́ àwọn aládùúgbò wa. Ẹni tó bá ń gbé Hackney, tó ń wọ bọ́ọ̀sì gba Stamford Hill kọjá, kò lè sọ pé òun kò mọ̀ wọ́n. Àwọn ọkùnrin tó wọ ẹ̀wù dúdú gígùn, tí irun ẹ̀gbẹ́ etí wọn gùn tó sì lọ́. Àwọn ìyá tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ. Àwọn ọmọkùnrin kéékèèké tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Sunday nígbà tí tiwa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù, kò sí àwùjọ Júù Hásídì, àwọn tó rọ̀ mọ́ àṣà ìsìn wọn pọ́nńbélé, tó pọ̀ tó èyí. Ọ̀pọ̀ wa ti bá wọn gbé òpópónà kan náà fún ọdún pípẹ́, a ò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ nídìí tábìlì wọn.

Ohun tí a gbà gbọ́ ni pé Júù ni ẹni tó gba òfin Mósè tó sì dákẹ́. Pé ọmọ wọn kì í béèrè nǹkan kan. Pé ọ̀dọ́ wọn tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ara rẹ̀ rò ó ti fi ìsìn sílẹ̀ nìyẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Rárá o. Ohun tí mo gbé wá lálẹ́ òní kò ju ẹyọ kan lọ: nínú ìsìn Júù, inú ilé ni ìbéèrè ń gbé. Ọ̀dọ́ tó béèrè kò tíì kúrò nílé. Bí àwọn àgbà bá ṣe jìnnà sí i tó lẹ́yìn tó béèrè, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nídìí tábìlì

Ní alẹ́ Àjọ Ìrékọjá, gbogbo ẹbí á yí tábìlì ká. Àkàrà aláìwú wà níbẹ̀, pẹlẹbẹ, ó gbẹ, èérún rẹ̀ á máa já sílẹ̀ sórí aṣọ funfun. Ewébẹ̀ kíkorò wà níbẹ̀. Omi iyọ̀ wà nínú àwo kékeré, wọ́n á ti ewé tútù bọ̀ ọ́ kí wọ́n lè tọ́ omijé àwọn baba wọn ní Íjíbítì wò. Wáìnì wà, ife mẹ́rin ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò mu kílẹ̀ tó mọ́. Ó wá ku ẹni tí yóò ṣí ìtàn. Ta ni? Ẹ lè rò pé bàbá àgbà ni. Ọmọ tó kéré jù nínú ilé ni! Òun ni yóò kọrin béèrè pé: kí ló mú alẹ́ yìí yàtọ̀ sí gbogbo alẹ́ yòókù?

Bí kò bá tíì béèrè, ìtàn kò ní bẹ̀rẹ̀. Talmud, ìwé ńlá tí wọ́n kó àríyànjiyàn àwọn àgbà wọn jọ sí, sọ pé bí ọmọ tó gbọ́n tó kò bá sí, kí ìyàwó béèrè. Bí ìyàwó kò bá sí, kí ọkùnrin náà bi ara rẹ̀. Kódà bí ọ̀mọ̀wé méjì tó mọ gbogbo òfin àjọ náà bá jókòó ti ara wọn, kí wọ́n bi ara wọn. Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ti mọ ìdáhùn ṣì gbọ́dọ̀ béèrè.

Ìwé tí wọ́n ń kà nídìí tábìlì yẹn tún sọ̀rọ̀ nípa ọmọ mẹ́rin: ọlọ́gbọ́n, ẹni búburú, òpè, àti èyí tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Ẹni búburú bi òbí rẹ̀ pé, "Kí ni ìsìn yìí já mọ́ fún yín?" Ó ní fún yín, ó yọ ara rẹ̀ kúrò. Ìdáhùn tí ìwé náà ní kí wọ́n fún un le, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọmọ náà wà. Ó jókòó ti àwọn yòókù. Oúnjẹ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè, kò sì sẹ́ni tó ní kó bọ́ síta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì, ẹ ṣí ìwé Númérì orí 27 bí ẹ bá délé. Àwọn ọmọbìnrin Sélófẹ́hádì, àwọn márùn-ún, dúró níwájú Mósè, níwájú àlùfáà, níwájú àwọn ìjòyè àti gbogbo ìjọ. Wọ́n ní bàbá àwọn kú sí aginjù, kò bí ọkùnrin, èé ṣe tí orúkọ rẹ̀ yóò fi parẹ́ nítorí òfin ogún? Ọmọge márùn-ún, lójú gbogbo ayé! Mósè kò jágbe mọ́ wọn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Olúwa, èsì tó sì bọ̀ ni pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Òfin yí padà. Àwọn Yorùbá ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú Tórà pàápàá, ìyẹn ìwé òfin Mósè, ìdí òfin ogún àwọn obìnrin nìyẹn.

Bí ẹ bá wọ ilé ẹ̀kọ́ Tórà wọn, ariwo ni yóò kọ́kọ́ pàdé yín. Méjì méjì ni wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́, ìwé kan láàrin ẹni méjì, ẹnì kan á kà á, ẹnì kejì á ta kò ó. Ojú ewé Talmud gan-an jẹ́ iyàn. Ọ̀rọ̀ àwọn àtijọ́ wà láàrin. Àlàyé Rashi, ọ̀mọ̀wé Júù tó kú ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1105, wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni àwọn tó ń bá Rashi jiyàn wà. Ta sì ni wọ́n? Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lára wọn! Ọ̀rọ̀ bàbá àgbà àti àtakò ọmọ-ọmọ ni wọ́n tẹ̀ síra wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá sì ń kà á títí di òní.

Rábì Yochanan, ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ ìsìn inú Talmud, ní ọ̀rẹ́ tó ń bá kẹ́kọ̀ọ́, Resh Lakish. Nígbà tí Resh Lakish kú, wọ́n wá ẹlòmíràn fún un, ẹni tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí Yochanan bá sọ ló ń wá ẹ̀rí gbè é lẹ́yìn. Inú bí bàbá. Ó ní, "Ìwọ lo fẹ́ dà bíi Resh Lakish? Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan, àtakò 24 ni yóò gbé dìde, èmi á fún un ní ìdáhùn 24, ẹ̀kọ́ á sì gbòòrò. Ìwọ ń sọ fún mi pé mo jàre, ṣé mi ò mọ̀ pé mo jàre ni?" Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀ sí ọ̀rọ̀ bàbá yìí. Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé ọmọ tó ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà" la fẹ́.

Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin

Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ sílé kí ẹ máa sọ pé ohun gbogbo dùn lọ́dọ̀ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìtàn kan wà nínú Talmud tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Júù fẹ́ràn, ti ààrò amọ̀ kan. Wọ́n gé ààrò náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n fi yanrìn sáàárín, àwọn rábì wá ń jiyàn bóyá ó lè di aláìmọ́ lábẹ́ òfin ìsìn. Rábì Eliezer ní kò lè di aláìmọ́, gbogbo àwọn yòókù ní ó lè dì í. Eliezer ní bí òun bá jàre, kí igi tó wà níta jẹ́rìí. Igi fà tu, ó sún lọ ní ọgọ́rùn-ún ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n ní igi kì í ṣe ẹ̀rí. Odò ṣàn padà sẹ́yìn. Wọ́n ní odò kì í ṣe ẹ̀rí. Ògiri ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ wó. Ohùn dún láti òkè wá pé Eliezer ló jàre. Rábì Yehoshua dìde dúró, ó fa ọ̀rọ̀ Deuterónómì yọ: "Kò sí ní ọ̀run." Ìyẹn ni pé a ti fún wa ní Tórà, àwa ni yóò jókòó rò ó, tí ọ̀pọ̀ bá sì fẹnu kò, ó di òfin. Ìtàn náà ní Ọlọ́run rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn ọmọ mi ti borí mi."

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dúró, nítorí pé ibẹ̀ dùn. Ìtàn kò parí síbẹ̀. Wọ́n yọ Eliezer lẹ́gbẹ́. Wọ́n dáná sun gbogbo ohun tó ti kéde pé ó mọ́. Wọ́n wá ń wá ẹni tí yóò lọ sọ fún un, Rábì Akiva ní òun á lọ, kí ẹni tí kò yẹ má bàa lọ fi ọ̀rọ̀ náà gún un. Akiva wọ aṣọ dúdú, ó lọ jókòó síwájú rẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin sáàárín, nítorí pé bí òfin ìyọlẹ́gbẹ́ ṣe wí nìyẹn. Bíi mítà méjì. "Akiva, kí ló dé lónìí?" "Olùkọ́, ó jọ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń jìnnà sí ọ." Omijé bọ́ lójú àgbàlagbà náà. Ilé tí wọ́n ti ń jiyàn náà ni ilé tí wọ́n ti lé e.

Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin yìí tún jáde ní Amsterdam, ní ọjọ́ 27 Oṣù Keje ọdún 1656. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 23 kan, Baruch Spinoza, ń ronú ohun tí àwọn àgbà sínágọ́gù kò lè fara mọ́. Wọ́n kà á sókè ní sínágọ́gù pé kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n má kọ̀wé sí i, kí wọ́n má bá a gbé abẹ́ òrùlé kan, kí wọ́n má sún mọ́ ọn ní ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin, kí wọ́n má sì ka ohunkóhun tó bá kọ. Wọn kò sì fagi lé e títí ó fi kú ní ọdún 1677. Ayé lónìí ń ka ìwé rẹ̀, ó wà lára àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó tóbi jù ní Yúróòpù.

Kí ló fà á tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rù ni. Ọmọ àwọn tó sá kúrò ní ilẹ̀ Potogí àti Spéìn ni wọ́n, níbi tí wọ́n ti fi tipátipá sọ wọ́n di Kátólíìkì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún ìsìn wọn kọ́ ni. Bákan náà ni Stamford Hill àti Williamsburg ní Brooklyn: ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ló jẹ́ ìran ìyókù tó là á já ní Họ́ńgárì, Póláǹdì àti Románíà lẹ́yìn tí àwọn Násì pa mílíọ̀nù mẹ́fà Júù. Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa run tán kò ní fẹ́ pàdánù ẹyọ ọmọ kan. Mo mọ ìyẹn lójú, mi ò sì ní fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ẹ̀rù kò lè tọ́ ọmọ. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ Hásídì kan, ọmọkùnrin tó bá ti pé ọdún 13 kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ìṣirò mọ́. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá ní ìbéèrè ní ọmọ ọdún 22, tó ti níyàwó, tó ti bímọ, níbo ni yóò gbé e lọ? Àwọn kan kúrò, ẹbí wọn kò sì bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn kan pàdánù ọmọ wọn nílé ẹjọ́. Láti ọdún 2003 ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Footsteps ti wà ní New York, tí ń ran irú wọn lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́, láti wọ ilé ìwé gíga, láti ní ẹni tí wọ́n lè jókòó tì lọ́jọ́ àjọ. Pé ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ ṣe, ó dùn mí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọbìnrin gbọ́ èyí dáadáa. Ní Kraków, ilẹ̀ Póláǹdì, aránṣọ kan wà tó ń jẹ́ Sarah Schenirer. Ó rí i pé àwọn ọmọkùnrin ń lọ kọ́ Tórà, àwọn ọmọbìnrin ń lọ sí ilé ìwé ìjọba, wọ́n ń ka ìwé ayé, wọ́n ń ronú, wọ́n sì ń bá ìsìn bàbá wọn nílẹ̀ láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń fi í sílẹ̀ ni. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nígbà yẹn, kíkọ́ ọmọbìnrin ní Tórà jọ àṣejù lójú ọ̀pọ̀ àgbà. Ó gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn rábì ńlá, ó sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin ní ọdún 1917. Nígbà tó fi kú ní ọdún 1935, irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti lé ní igba.

Ìrònú tuntun gbáà lèyí, inú àṣà ló sì ti wá. Obìnrin náà kò fẹ́ yí ìsìn padà rárá, ó fẹ́ kí ọmọbìnrin mọ ohun tí wọ́n ní kó máa ṣe. Èso rẹ̀ kọjá ohun tó ń retí. Ní Oṣù Kíní ọdún 2020, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin pé jọ ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n ń jó, wọ́n ń yọ̀ pé àkókò tó láti parí Talmud. Ewé kan, ojú méjèèjì, lóòjọ́ ni ètò náà, ewé 2,711, bí ọdún méje àti ààbọ̀. Ìyá àgbà ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣí ìwé náà rí.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé a máa ń rò pé ẹni tó mọ àṣà púpọ̀ ni kì í ronú fúnra rẹ̀. Ohun tí kò yé ọ, o kò lè bá a jiyàn. O lè sá fún un, o lè tẹ̀ lé e bí ojú ṣe rí i, ṣùgbọ́n o kò tíì ronú lé e.

Ti ìsinsìnyí

Iléeṣẹ́ ìwádìí Pew wádìí àwọn Júù Amẹ́ríkà ní ọdún 2020. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 18 sí 29, bíi 40 ló ní Júù ni àwọn ṣùgbọ́n àwọn kò ṣe ìsìn kankan. Ẹ lè mí kanlẹ̀. Àmọ́ nínú ọgọ́rùn-ún náà, 17 jẹ́ onísìn Júù aláṣà ìbílẹ̀ pọ́nńbélé, bẹ́ẹ̀ ẹni mẹ́ta péré ni láàrin àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè. Ọ̀nà méjèèjì ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbà. Lóòótọ́, ọmọ tí wọ́n ń bí púpọ̀ nílé àwọn onísìn náà wà lára ohun tó fà á. Síbẹ̀, ó yẹ ká mọ̀ pé ríronú fúnra ẹni kì í fìgbà gbogbo gbé ọmọ kúrò. Nígbà mìíràn, òun ló ń gbé e wọlé, ìyẹn náà sì ń dá wàhálà sílẹ̀.

Mo mọ ọ̀dọ́bìnrin Júù kan, a jọ ń ṣiṣẹ́. Àwọn òbí rẹ̀ kì í pa òfin oúnjẹ mọ́. Ní yunifásítì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́kọ̀ọ́, tó sì pinnu pé òun á máa pa á mọ́. Ẹ mọ̀ pé Tórà ní kí wọ́n má bọ ọmọ ewúrẹ́ nínú wàrà ìyá rẹ̀. Láti inú ẹsẹ kan yìí ni àwọn àgbà wọn ti fà á gùn: ẹran àti wàrà kò gbọdọ̀ pàdé, ìkòkò wọn yàtọ̀, àwo wọn yàtọ̀. Lẹ́yìn ẹran, àwọn kan á dúró wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó fẹnu kan wàrà, àwọn tó ti Jámánì wá á dúró mẹ́ta, àwọn ará Netherlands á dúró ẹyọ kan. Gbogbo wọn ló ń pa òfin kan náà mọ́ o!

Ọmọ yìí lọ kí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó di ìkòkò kékeré àti àwo rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù. Ìyá wò ó, ó ní, "Ṣé ìkòkò mi dọ̀tí ni? Ìkòkò tí mo fi tọ́ ọ dàgbà?" Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Nígbà tó yá, ìyá ra ìkòkò tuntun méjì, ó lẹ téèpù pupa mọ́ ọwọ́ ti ẹran, téèpù búlúù mọ́ ti wàrà, ó kó wọn sórí pẹpẹ kan níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ìyá kò yí padà di onísìn. Ó ṣì ń jẹ ohun tó ń jẹ. Ọmọ náà ò sì fi dandan lé e. Ṣùgbọ́n ọmọ ń jẹun nílé ìyá rẹ̀. Mo ka ìyẹn sí iṣẹ́ ńlá fún àwọn méjèèjì.

Èyí tó kúrò ńkọ́?

Kí n tó gun orí pèpéle yìí, ìyá kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí ó bá béèrè títí tí kò padà wá mọ́ ńkọ́?"

Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Elisha ben Abuya fún yín. Rábì ńlá ni. Ó ronú títí, ó fi ìsìn sílẹ̀ pátápátá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti dárúkọ rẹ̀ mọ́, "Ẹlòmíràn" ni wọ́n ń pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Rábì Meir, kò fi í sílẹ̀. Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, Elisha gun ẹṣin, ohun tí Júù kò gbọdọ̀ ṣe lọ́jọ́ náà. Meir ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e, ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ Tórà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń lọ, Elisha dá ẹṣin dúró. Ó ní, "Meir, padà. Mo ti fi ìṣísẹ̀ ẹṣin mi wọ̀n ọ́n: ibi tí Júù lè rìn dé ní Ọjọ́ Ìsinmi ló parí síbí yìí." Ẹgbàá ìgbọ̀nwọ́ ni ààlà náà. Ẹni tó ti kọ òfin ló ń ka ẹsẹ̀ ẹṣin kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ má bàa rú u! Meir ní, "Ìwọ náà, padà." Kò padà.

Àwọn tó wá lẹ́yìn béèrè pé báwo ni Meir ṣe lè máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Talmud fúnra rẹ̀ gbè é lẹ́yìn: ó rí èso pómégíránétì, ó jẹ inú, ó ju èèpo nù. Ọ̀rọ̀ Elisha sì wà nínú ìwé wọn títí dòní, nípa kíkọ́ ẹ̀kọ́ nígbà èwe, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gan-an.

Nítorí náà, ìyá mi, ìdáhùn mi nìyí. Ó lè má padà. Mi ò lè ṣèlérí fún yín pé yóò padà, ìwé àwọn Júù pàápàá kò ṣèlérí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà tó sọ ti Akiva tó jókòó ní ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin ló sọ ti Meir tó rìn dé ẹgbàá ìgbọ̀nwọ́ lẹ́yìn ẹṣin. Àwọn òbí Júù tó ń ka àwọn ìtàn méjèèjì ló ní láti pinnu èwo ni àwọn yóò fi ṣe ìwà hù sí ọmọ tiwọn, mo sì ń rí ọ̀pọ̀ wọn, ní Lọ́ńdọ̀nù yìí náà, tí wọ́n ń yan ti Meir.

Alága, mo dúpẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, mo ti rí ọwọ́ mẹ́ta tó nà sókè. Ẹ jẹ́ kí àwọn yẹn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.